Búrẹ́dì Àná fún Oúnjẹ Àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi



Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ilé kan ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí búrẹ́dì kì í ṣẹ́ kù sí. A ra baguette ní àárọ̀, ó ń gbóná, èèpo rẹ̀ ń dún bí a bá tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi mọ́, ó ti le bí igi. Àwọn ọmọ kò fẹ́ ẹ mọ́, bàbá ní eyín òun kò gbà á, ni a bá jù ú sí ewúrẹ́, tàbí kí ó wà nínú àpò títí yóò fi hu. Bẹ́ẹ̀ sì ni a kì í gbin àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì ní agbègbè wa. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé e wá sí èbúté Kútọnu láti ọ̀nà jíjìn, owó wa ni a sì fi ń rà á. Ẹ rántí pé nígbà tí Olúwa fi búrẹ́dì márùn-ún bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin, nínú Ìhìnrere Jòhánù orí 6, ó pàṣẹ pé kí a kó àjẹkù jọ, agbọ̀n méjìlá ni ó sì kún. A kò sọ fún wa ohun tí wọ́n fi àjẹkù náà ṣe, ṣùgbọ́n ó dájú pé wọn kò kó o jọ kí ó lè hu.

Àwọn Faransé ní oúnjẹ kan tí wọ́n ń fi irú búrẹ́dì bẹ́ẹ̀ ṣe. Pain perdu ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ ni búrẹ́dì tó ti sọnù. Wọ́n á rẹ búrẹ́dì náà sínú mílíìkì àti ẹyin, wọ́n á fi ṣúgà sí i, wọ́n á sì dín in nínú bọ́tà. Ṣùgbọ́n ìyá tó ní ọmọ mẹ́fà kò lè dúró ti páànù kí ó máa dín in ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Èyí tí a fẹ́ sọ níhìn-ín ni èyí tí a ń tò sínú àwo ńlá, tí a sì ń yan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ilé. A lè ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Púpọ̀ ni mo wí, n kò wí pé gbogbo rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má fo ibẹ̀.

Kí ló dé tí a fi mú ọjọ́ Ìsinmi? Àwọn arúgbó inú wa ṣì rántí ìgbà tí ẹni tí yóò gba Kọmúníọ̀n Mímọ́ kò gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun kan ẹnu láti ọ̀gànjọ́ òru, títí kan omi. Ní 1953 ni Póòpù Pius Kejìlá sọ pé omi kò ba ààwẹ̀ náà jẹ́. Ní 1957 ó sọ ọ́ di wákàtí mẹ́ta. Ní 1964 Póòpù Paul Kẹfà dín in kù sí wákàtí kan ṣáájú Kọmúníọ̀n, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé òfin Ìjọ ti 1983 sì ṣe kọ ọ́. Omi àti oògùn kò ba á jẹ́, àwọn àgbàlagbà, àwọn aláìsàn àti àwọn tó ń tọ́jú wọn sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, kò sí ẹni tó ń jẹun kí a tó lọ sí Mísà àárọ̀. Bí a bá ti dé, ebi ti ń pa àwọn ọmọ, ojú bàbá ti wà ní ọ̀nà ilé ìdáná. Ìyá ilé tí òun náà ti Mísà dé ni yóò bọ́ aṣọ tó dára, tí yóò dáná, tí yóò lọ ata. Nígbà tí oúnjẹ yóò fi jinná, àwọn ọmọ ti fi owó ra ohun jíjẹ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ìyá mìíràn kì í tilẹ̀ lè dúró gbọ́ ìkéde lẹ́yìn Mísà nítorí ọ̀rọ̀ iná yìí.

Oúnjẹ náà kì í ṣe tuntun láyé. Nínú ìwé oúnjẹ sísè àwọn ará Róòmù àtijọ́ tí a ń pè ní Apicius, a rí búrẹ́dì tí a rẹ sínú mílíìkì, tí a dín, tí a sì da oyin lé. Àwọn ará Sípéènì ń jẹ tiwọn, torrijas, ní àkókò ààwẹ̀ ogójì ọjọ́, pàápàá ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Àwọn ará Pọtogí àti ti Bràsíìlì ń jẹ rabanada ní Kérésìmesì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé orúkọ àwọn ènìyàn wa tó padà láti Bràsíìlì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ìdílé wọn ṣì wà ní Àjàṣẹ́, ni ó mú kí a máa pe ìjọ wa ní Ìjọ Àgùdà. Àwọn tí a fi orúkọ wọn pe ìjọ wa wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi búrẹ́dì líle ṣe ọdún.

Mo mọ ohun tí ìyá àgbà kan yóò sọ. Yóò pe ìyàwó ọmọ rẹ̀, yóò ní: "Ìyàwó, ẹ̀kọ àti àkàrà ni mo fi tọ́ ọkọ rẹ dàgbà. Kí ni ti òyìnbó yìí?" Ìyàwó yóò kúnlẹ̀, yóò ní: "Ẹ má bínú, Ìyá wa. Búrẹ́dì tó ṣẹ́ kù ni, n kò fẹ́ kí ó ṣòfò." Ìyá àgbà kò jẹ̀bi. Àwọn ìyá wa ti mọ oúnjẹ àárọ̀ tí a ń ṣe sílẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Àgbàdo tí a fẹ́ fi ṣe ògì, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni ó ń lò nínú omi kí a tó lọ̀ ọ́, kí a tó sẹ́ ẹ, a ó sì tún fi í sílẹ̀ kí ó kan. Kíkan yẹn gan-an ni ó ń dáàbò bò ó. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú ògì kan kì í jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe ènìyàn ní ibi rí ààyè gbé níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Mílíìkì tí a pò mọ́ ẹyin àti ṣúgà kò kan, kò sì ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbé e sílẹ̀ di ilẹ̀ mọ́ nínú ooru ilé wa, a ti tẹ́ tábìlì fún kòkòrò nìyẹn.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé nínú àwọn ìwé oúnjẹ sísè tó ń ti Yúróòpù wá, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ pé kí a rẹ búrẹ́dì náà ní alẹ́, kí a jẹ́ kí ó sùn, kí a sì yan án bí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹni tó kọ ọ́ ní fíríìjì, tí àwa ń pè ní frigo, nínú ilé ìdáná rẹ̀; ó ti mọ́ ọn lára dé ibi pé nígbà mìíràn kì í dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu, tó sì ṣe é bí ó ti kà á, lè fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru sínú ilé rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́ wa pé láàárín dìgírì 5 sí 60 ni kòkòrò inú oúnjẹ ti ń pọ̀ kíákíá, àti pé oúnjẹ tí a ti sè kò gbọ́dọ̀ wà níta ju wákàtí méjì lọ. Ooru inú yàrá wa lóru sábà máa ń wà láàárín dìgírì 25 sí 30. Ibi tí kòkòrò ń fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ẹnìkan lè dáhùn pé: "Ṣebí a óò yan án ní àárọ̀? Iná yóò pa gbogbo rẹ̀." Iná yóò pa kòkòrò náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irú kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé kí ó tó kú, ó ti tu oró sínú oúnjẹ, iná ilé ìdáná kì í sì í run oró náà. Kì í ṣe ohun àjèjì rárá: imú wa àti awọ ọwọ́ wa ni ó ń gbé. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí bì láàárín wákàtí díẹ̀. Ara àgbàlagbà lè tètè gbé e kúrò. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún kan tàbí méjì tó ń bì tó sì ń yàgbẹ́, omi ara rẹ̀ lè gbẹ kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Nítorí náà, ilé tí kò ní fíríìjì kò gbọ́dọ̀ po mílíìkì mọ́ ẹyin di ọjọ́ kejì. Kí ó má sì yan oúnjẹ náà ní alẹ́ kí ó gbé e ka orí tábìlì di àárọ̀; ewu kan náà ni.

Kí ni a lè ṣe sílẹ̀ nígbà náà? Ohun gbígbẹ. Ohun gbígbẹ lè dúró de ọ̀la láìṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, ó sì dùn mọ́ni pé èyí tó ń gba àkókò nínú iṣẹ́ náà, ohun gbígbẹ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí búrẹ́dì. Èyí tó ti le ni ó dára jù. Bí ẹ bá fi búrẹ́dì tuntun sínú mílíìkì, yóò yọ́ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Èyí tó ti le yóò fa mílíìkì mu bí kànìnkànìn, yóò sì dúró bí ó ti wà. Baguette tètè ń le nítorí pé ìyẹ̀fun, omi, ìwúkàrà àti iyọ̀ nìkan ni ó wà nínú rẹ̀, kò sí òróró tàbí bọ́tà tí yóò mú un rọ̀. Búrẹ́dì dídùn tó rọ̀, tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà, dára náà, ṣùgbọ́n kí ẹ dín ṣúgà kù. Ẹ yẹ búrẹ́dì náà wò dáadáa. Bí ó bá ti hu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni ẹ rí i, ẹ má gé ibẹ̀ sọnù kí ẹ lo ìyókù. Okùn tín-ín-rín èéhù ti wọ inú búrẹ́dì rírọ̀ ju ibi tí ojú rí lọ. Ìyẹn ni búrẹ́dì tó sọnù ní tòótọ́.

Fún ènìyàn mẹ́jọ, ẹ óò wá baguette líle méjì, tí àpapọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 400 gíráàmù, mílíìkì lítà kan, ẹyin márùn-ún, ṣúgà 100 gíráàmù, bọ́tà ṣíbí ọbẹ̀ méjì, ìyọ̀ díẹ̀ bí ìka méjì ti lè mú, àti àpò kékeré kan fànílà bí ẹ bá rí i. Ẹni tó ń lo ṣúgà oníhóró lè ka hóró 18 sí 20. Bí ó bá jẹ́ mílíìkì lẹ́búlẹ́bú ni, 130 gíráàmù rẹ̀ nínú omi tó dín díẹ̀ sí lítà kan yóò tó. Bí ó bá jẹ́ ti agolo tí kò ní ṣúgà, ẹ mú agolo ńlá kan ti 400 gíráàmù, kí ẹ fi agolo náà wọn omi ẹ̀ẹ̀kan àti ààbọ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ èyí tó nípọn tó ti ní ṣúgà nínú, ẹ má fi ṣúgà mìíràn sí i rárá. Fún ilé tí kò ní fíríìjì, mílíìkì lẹ́búlẹ́bú ni mo fara mọ́ jù, nítorí pé gbígbẹ ni òun náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí ọmọ tó ti dàgbà gé búrẹ́dì náà ní ìwọ̀n ìka méjì méjì, kí ó sì tò ó sínú àwo tí a óò fi yan án, kí a fi aṣọ mímọ́ bò ó. Kí àbúrò rẹ̀ wọn mílíìkì lẹ́búlẹ́bú, ṣúgà, ìyọ̀ àti fànílà sínú ike kan tó ní ìdérí. Ọmọ ọdún méje lè ṣe èyí, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Ẹyin kí ó wà nínú èèpo rẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ fọ́ ọ. Ẹ se omi tí ẹ óò lò, kí ẹ sì dé e. Àwọn èèrà ńkọ́? Ẹ ṣe bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe: ẹ gbé ẹsẹ̀ tábìlì sínú agolo omi mẹ́rin. Ẹ̀yin bàbá tó ń ka ojú ewé yìí, èédú àti iyanrìn wà fún yín láti tò. N kò rò pé ó burú kí bàbá mọ ibi tí èédú wà nínú ilé rẹ̀.

Bí a bá ti Mísà dé, ẹnìkan á dá iná nígbà tí ẹnìkejì bá ń fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ. Ẹ da omi sínú ike mílíìkì àti ṣúgà, kí ẹ rò ó títí kò fi ní kókó. Ẹ fọ́ ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ kékeré kí ẹ tó dà á mọ́ ìyókù, kí ọ̀kan tó ti bàjẹ́ má ba ọ̀pọ̀ jẹ́. Ẹ lù ú dáadáa, kí ẹ dà á lé búrẹ́dì lórí, kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ lè mu. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, ìyẹn àkókò tí ààrò yóò fi gbóná. Ẹ gé bọ́tà wẹ́wẹ́ sórí rẹ̀. Ìṣẹ́jú 45 ló ń gbà nínú ààrò tó gbóná tó dìgírì 180. Ẹni tí ebi ọmọ kò bá lè jẹ́ kó dúró, kí ó pín in sínú àwo pẹrẹsẹ méjì, yóò jinná láàárín ìṣẹ́jú 25 sí 30. Àwọn ọmọ lè máa mu ọsàn lọ́wọ́ nígbà náà. Ìyá ilé á jókòó. Kò sí ohun tó ń dúró rò.

Ọ̀pọ̀ ilé wa kò ní ààrò oníná mànàmáná tàbí oní-gáàsì. Ìkòkò yóò ṣe é. Ẹ wá ìkòkò irin ńlá tó nípọn, kí ẹ da iyanrìn tí ẹ ti fọ̀ tí ẹ sì ti sá gbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó ga tó ìka mẹ́ta. Ẹ gbé òkúta kékeré mẹ́ta tàbí agolo sadínì òfìfo lé orí iyanrìn, ibẹ̀ ni àwo yóò jókòó, kí ìdí rẹ̀ má bàa kan iyanrìn kí ó sì jó. Ẹ dé e, kí ẹ gbé e ka iná èédú fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó gbé àwo sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ kó ẹ̀yinná díẹ̀ sórí ìdérí. Èyí tó wà lókè ni yóò mú ojú oúnjẹ pọ́n. Bí kò bá sí i, ìsàlẹ̀ yóò jinná, òkè yóò funfun bí ẹ̀kọ. Iyanrìn náà, bí ó bá ti tutù, ẹ gbọ́n ọn sínú àpò, ẹ óò tún lò ó lọ́jọ́ mìíràn. Ìta tàbí abẹ́ àtíbàbà ni kí ẹ ti ṣe é. Èéfín èédú tí a kò rí, tí kò sì ní òórùn, ti pa ènìyàn nínú yàrá tí a ti pa.

Ẹ fi ọ̀bẹ gún àárín rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti jinná. Bí ọ̀bẹ bá jáde ní gbígbẹ, ó ti tó. Bí omi mílíìkì bá tẹ̀lé e, ẹyin kò tíì jinná, ẹ dá a padà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohun yòówù kí àwọn ọmọ máa sọ.

Ní ti ilé tó ní fíríìjì, ẹ̀yin lè ṣe bí ìwé òyìnbó ti wí. Ẹ po gbogbo rẹ̀ ní alẹ́, kí ẹ dé e dáadáa, kí ó sùn sínú fíríìjì níbi tó tutù jù. Búrẹ́dì tó mu mílíìkì mọ́jú á rọ̀ dé inú, adùn rẹ̀ á sì ju ti ogún ìṣẹ́jú lọ, n kò ní purọ́ fún yín. Bí iná mànàmáná bá lọ, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Fíríìjì tí a kò ṣí lè mú òtútù dání fún nǹkan bí wákàtí mẹ́rin. Bí iná bá lọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ fọwọ́ kan àwo náà tí kò tutù mọ́, ẹ dà á nù. Ó dunni, mo mọ̀. Ohun kan tún wà: bí àwo yín bá jẹ́ ti gíláàsì, ẹ má gbé e láti inú fíríìjì sínú ààrò gbígbóná lẹ́sẹ̀ kan náà, yóò sán. Ẹ jẹ́ kí ó wà níta fún ogún ìṣẹ́jú.

Àwọn kan á fẹ́ràn láti gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n jù sáàárín búrẹ́dì, ìyẹn á sì jẹ́ kí a lè dín ṣúgà kù sí ìlàjì. Àgbọn rírìn dára lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni èèpo ọsàn tí a rìn díẹ̀. Oyin dára fún àgbà àti ọmọdé, àfi ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. A kì í fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní oyin rárá. Ẹni tí dókítà bá ti sọ fún pé ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó fi ẹ̀kọ rẹ̀ sílẹ̀ ní tirẹ̀, kí ó sì bá wa jókòó.

Gbígbóná ni kí ẹ jẹ ẹ́. Bí ó bá ṣẹ́ kù, kí ẹnìkan nínú àwọn ọmọ gbé e fún ìyá àgbà tó ń dá gbé ní ẹ̀gbẹ́ yín kí wákàtí méjì tó kọjá, kí ó sì dúró gba àwo náà padà.